Bí ẹ ṣe máa ka ìtàn Ọba Arthur tí kò fi ní dà yín lórí rú

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ Ọba Arthur, ọba ilẹ̀ Britain inú ìtàn àtijọ́, ni pé idà wo gan-an ló lò, ṣé èyí tó fà yọ lára òkúta ni àbí èyí tí obìnrin inú adágún gbé fún un? Ẹni tó wo fíìmù kan á ní tòkúta ni, ẹni tó wo òmíì á ní tinú omi ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló jàre. Kì í ṣe ẹnì kan ló kọ ìtàn yìí, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ ọ́ ní Látìn, wọ́n kọ ọ́ ní Faransé, ó yà sọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ju 600 ọdún lọ tí wọ́n fi ń gbé e kiri, gbogbo ẹni tó sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ló fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i.

Òun ló fà á téèyàn á fi mú ìwé ńlá kan, á kà á dé ojú ewé 50, á gbé e sílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ìwé Thomas Malory, ará England, ni mo kọ́kọ́ mú torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé òun ni bàbá ẹ̀, mi ò mọ̀ pé òun ló dé gbẹ̀yìn tó kó ti gbogbo àwọn tó ṣáájú jọ, ó wá dà bí ìgbà téèyàn wọlé bá ẹbí tó ti ń jà látàárọ̀ tí ò mọ ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì. Ohun tó là mí lójú ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo wá ń bi gbogbo ìwé: ta ló kọ́kọ́ sọ eléyìí? Ẹ má tẹ̀lé ọjọ́ orí Arthur, ọjọ́ orí ìwé ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ ná. Náìtì ni màá máa pe àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin inú ìtàn yìí torí "sójà" ò gbé e. Náìtì ní ẹṣin, ó ní ẹ̀wù irin, ó ní ọba tàbí olóyè tó ń sìn, ó sì ní orúkọ tí ò gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ rí pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn ti mọ ìdajì ohun tó ń jẹ́ náìtì.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ wá ìwé nóòtù kan

Kì í ṣe inú fóònù o, ìwé gidi. Ẹ fa ìlà sí i kó pín sí mẹ́rin: ohun náà, ẹni tó kọ́kọ́ mú un wọnú ìtàn, ọdún, èdè. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tẹ́ ẹ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, Tábìlì Rìbìtì tí àwọn náìtì Arthur ń jókòó yí ká ni o, Lancelot tó jẹ́ náìtì rẹ̀ ni o, Grail, ohun mímọ́ tí àwọn náìtì ń wá kiri, ni o, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà rí i nínú ìwé tó dàgbà ju ìyẹn lọ, ẹ fagi lé e kẹ́ ẹ tún un kọ. Ìfagilé yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́, ẹ má wá ìwé tó mọ́ tónítóní.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ fi ọ̀rọ̀ "ṣé Arthur gbáyé lóòótọ́" sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan

Mo mọ̀ pé ó máa ń yánni lójú, àmọ́ ọjọ́ kan péré tó o. Gildas, mọ́ǹkì ará Britain tó kọ̀wé ní nǹkan bí 500 sí 550, sọ̀rọ̀ ogun Badon tí àwọn ará Britain ti ṣẹ́gun àwọn Saxon, kò dárúkọ Arthur rárá. Ìwé Historia Brittonum, ní nǹkan bí 829, ló ka ogun 12 tí Arthur jà, ó ní ní Badon òun nìkan pa èèyàn 960 lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ìwé yẹn ò pè é lọ́ba níbẹ̀, olórí ogun ló pè é, ká kúkú ní Balógun. Ìwé ọdọọdún àwọn ará Wales wá fi Badon sí 516, ó fi ogun Camlann sí 537, ó ní ibẹ̀ ni Arthur àti Medraut (òun làwọn ìwé ẹ̀yìn ń pè ní Mordred) ṣubú sí. Kò sọ pé wọ́n ń bára wọn jà. Kò sọ pé ọmọ rẹ̀ ni tàbí ọmọ àbúrò. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa kún inú àlàfo yẹn, ẹ sì máa rí bí wọ́n ṣe kún un.

Ní nǹkan bí 1191 àwọn mọ́ǹkì ilé ìsìn Glastonbury sọ pé àwọn hú òkú Arthur àti ìyàwó rẹ̀ jáde nílẹ̀ àwọn. Iná ti jó ilé ìsìn yẹn ní 1184, wọ́n sì nílò owó láti fi tún un kọ́. Ẹ kọ ọdún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú nóòtù yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Geoffrey

Geoffrey ará Monmouth ló sọ Balógun yẹn di ọba tí gbogbo ayé mọ̀. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọba Britain jáde ní nǹkan bí 1136, ní Látìn, ó sì tàn débi pé ó ju 200 ẹ̀dà àfọwọ́kọ rẹ̀ lọ tó ṣì wà títí dòní, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé o, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dà á kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní láti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ síbi tí Uther, bàbá Arthur, ti gba oògùn lọ́wọ́ Merlin tó jẹ́ oṣó, tó yírapadà di olóyè Cornwall tó fi wọlé tọ ìyàwó olóyè náà lọ ní Tintagel, ibẹ̀ ni wọ́n ti lóyún Arthur, kẹ́ ẹ wá kà á títí dé ibi tí Mordred ti gba ìtẹ́ àti ayaba nígbà tí Arthur lọ bá àwọn ará Róòmù jagun. Idà rẹ̀ ń jẹ́ Caliburnus, Avalon ni wọ́n gbé e lọ nígbà tó gbọgbẹ́.

Tẹ́ ẹ bá kà á tán ẹ wo ohun tí ò sí níbẹ̀. Kò sí Lancelot. Kò sí Grail. Kò sí Camelot, ìlú ààfin Arthur. Kò sí idà inú òkúta. Tábìlì gan-an ò sí, akéwì kan tó ń jẹ́ Wace ló mú un wá ní 1155 nígbà tó ń túmọ̀ Geoffrey sí ewì Faransé, ó ní nítorí àwọn ìjòyè tí kálukú ń rò pé òun ló ga jù ni Arthur ṣe ṣe é rìbìtì, kẹ́nikẹ́ni má bàa sọ pé òun jókòó sí apá òkè.

Tẹ́ ẹ bá wà ní England tàbí tẹ́ ẹ lẹ́bìí níbẹ̀, tábìlì kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn ńlá ààfin àtijọ́ ní Winchester, igi óákù ni, ó fẹ̀ tó mítà 5.5, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Nǹkan bí 1290 ni wọ́n kàn án, láyé Edward Kìíní, Henry Kẹjọ ló wá ní kí wọ́n kùn ún, tí wọ́n ya Arthur síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ náìtì 24. Ìyẹn ni pé ìwé ló bí tábìlì, tábìlì ò bí ìwé.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ ka Chrétien, kẹ́ ẹ sì rọra

Ibí ni ẹ ti máa pẹ́ jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Chrétien ará Troyes, ní ilẹ̀ Faransé, kọ ìtàn gígùn márùn-ún láàárín nǹkan bí 1170 sí 1190, ewì ni gbogbo wọn. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ti Lancelot tí wọ́n ń pè ní Náìtì Kẹ̀kẹ́ Ẹrù, ó kọ ọ́ fún Marie, aya olórí ìlú Champagne, ó sì sọ fúnra rẹ̀ pé obìnrin náà ló fún òun ní kókó ìtàn. Nóòtù yín máa kún níbí: ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ gbọ́ Camelot, ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ gbọ́ pé Lancelot fẹ́ràn ayaba Guinevere, ìyàwó Arthur.

Ẹ wo ìran kan. Meleagant, ọmọ ọba ilẹ̀ míì, ti jí ayaba gbé lọ, Lancelot ń lé wọn, ẹṣin rẹ̀ ti kú sábẹ́ rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú ẹ̀wù irin. Ó bá aràrá kan pàdé tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó bi í bóyá ó rí ayaba. Aràrá ní, gun kẹ̀kẹ́ yìí, tó bá di ọ̀la wàá mọ ibi tí ayaba wà. Ẹ má rò pé ọmọlanke lásán ni o, Chrétien dúró ó ṣàlàyé fún àwọn tó ń gbọ́ ọ pé láyé ìgbà yẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù kan péré ló ń wà nílùú, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi olè àti apààyàn káàkiri ìgboro, ẹni tó bá ti gùn ún ti pàdánù iyì ẹ̀ pátápátá, débi pé tẹ́ ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ ẹ máa ṣe àmì àgbélébùú ni kí nǹkan burúkú má bàa bá yín.

Lancelot dúró. Làákàyè ń sọ fún un pé má gùn ún, Ìfẹ́ ń sọ fún un pé bọ́ sókè kíá. Ẹsẹ̀ méjì péré ló fi falẹ̀, ó sì fò sínú kẹ̀kẹ́. Látìgbà yẹn gbogbo ìlú tó bá dé ni wọ́n ti ń fi ṣẹ̀sín, ó rá kọjá lórí afárá tí wọ́n fi idà ṣe, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wá dé iwájú ayaba, ayaba ò dá a lóhùn. Ó yíjú kúrò. Ìgbà tí wọ́n padà sọ̀rọ̀ ló tó sọ fún un pé, ṣé ojú kẹ̀kẹ́ yẹn ò tì ọ́ ni? Ẹsẹ̀ méjì lo fi falẹ̀ kó o tó gùn ún.

Ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́ mo ní ayaba yìí mà burú o. Nígbà kejì mo rí i pé òfin kan wà níbẹ̀ tí ò sí nínú Geoffrey rárá, pé ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ò gbọdọ̀ ka iye tó máa ná an. Nígbà kẹta mo wá ń rò ó pé ṣé Chrétien fúnra rẹ̀ fara mọ́ òfin yìí ṣá, torí kò parí ìwé náà, Godefroi de Leigni ló bá a parí ẹ̀. Èmi ò rò pé ó fara mọ́ ọn. Ẹ kọ èrò tiyín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ti ọ̀mọ̀wé kankan.

Ìgbésẹ̀ 5: ẹ gbé ìran kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Malory

Ìgbésẹ̀ yìí ni mi ò rí kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló dùn jù. Ẹ fò kọjá nǹkan bí 300 ọdún kẹ́ ẹ lọ síbi kẹ̀kẹ́ ẹrù nínú ìwé Thomas Malory. Náìtì ni òun náà, inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ọ́, ó parí ẹ̀ ní 1469 tàbí 1470. Àwọn tafàtafà ti pa ẹṣin Lancelot, ẹ̀wù irin wúwo lára ẹ̀, ó rí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ kó igi ìdáná, ó ní kí wọ́n gbé òun. Awakọ̀ ní rárá. Lancelot fi ẹ̀yìn ọwọ́ irin gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó kú fin-ín, awakọ̀ kejì tó rí i ní ẹ̀mí òun ni kẹ́ ẹ dá sí, ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni màá gbé yín dé.

Ẹsẹ̀ méjì dà? Kò sí. Ìjà Ìfẹ́ àti Làákàyè dà? Kò sí. Obìnrin kan wo ojú fèrèsé ó ní náìtì kan mà ń bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, bóyá wọ́n fẹ́ lọ yẹgi fún un ni, ayaba sì bá a wí pé kí ló dé tó fi ń fi náìtì tó dára jù láyé wé ẹni ìtìjú. Ayaba tó bínú nítorí ẹsẹ̀ méjì níjọ́sí ló wá di agbèjà. Fún Chrétien ọkàn ni ogun ti ń jà, fún Malory ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́, ohun tó kàn án ni kí náìtì dé ibi tó ń lọ kó sì gba ayaba sílẹ̀, àti kí ẹnu má ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ ìran méjèèjì sí ojú ewé méjì tó kọjú síra, kẹ́ ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tó yàtọ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ìgbésẹ̀ 6: ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ààfin

Ẹ máa rí i níbi gbogbo pé àwọn náìtì ayé ìgbà yẹn kì í fẹ́ràn ìyàwó ara wọn, ìyàwó olóyè ẹlòmíì ni wọ́n ń bá kiri. Ẹ ṣọ́ra. Orúkọ "ìfẹ́ ààfin" tí gbogbo ìwé ń lò yìí, Gaston Paris tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé Faransé ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní 1883, nígbà tó ń kọ̀wé lórí Náìtì Kẹ̀kẹ́ Ẹrù gan-an, ìyẹn nǹkan bí 700 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́. Chrétien kan náà kọ ìtàn Yvain tó ṣèlérí fún ìyàwó ara ẹ̀ pé ọdún kan lòun máa fi lọ jà kiri, tó gbàgbé, tí ìyàwó ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́ rí i mọ́, tó ya wèrè wọnú igbó ní ìhòòhò. Ìtàn lọ́kọláya ni, kò sí àlè kankan níbẹ̀.

Ẹ ka Lanval pẹ̀lú, ti Marie de France, obìnrin tó kọ ìtàn kúkurú 12 ní Faransé láàárín nǹkan bí 1160 sí 1190. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló máa gbà yín. Arthur pín ẹ̀bùn fún gbogbo èèyàn ó gbàgbé Lanval, àlejò tó wá láti ìlú míì tí ò lówó lọ́wọ́, ayaba wá dẹnu kọ ọ́, ó kọ̀, ayaba ní òun ló fẹ́ bá òun sùn. Ẹni tó bá ti jẹ́ àlejò nílùú onílùú rí, ìlà bí 30 àkọ́kọ́ yẹn máa bá a níbi tó ń dùn ún.

Ìgbésẹ̀ 7: Grail, àti àwọn náìtì dúdú

Lórí Grail, ẹ kàn kọ mẹ́ta yìí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìtàn náìtì Perceval tí Chrétien ò parí, abọ́ fífẹ̀ kan ni. Robert de Boron ló sọ ọ́ di ohun èlò tí Jésù lò níbi oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, ìtàn Merlin tiẹ̀ náà sì ni idà inú òkúta ti wá. Wolfram von Eschenbach, ará Jámánì, ní nǹkan bí 1200 sí 1210, ní tiẹ̀ òkúta ni Grail. Ẹni tí ò bá parí ìtàn, àwọn ẹlòmíì á bá a parí ẹ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwa gan-an dúró sí nìyí. Nínú ìwé Wolfram yẹn, bàbá Parzival (bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pe Perceval) ti kọ́kọ́ fẹ́ ayaba dúdú kan, Belacane ti ilẹ̀ Zazamanc, ó sá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú oyún. Ọmọ náà ni Feirefiz, ara rẹ̀ dúdú ó tún funfun bí ìwé tí wọ́n fi yíǹkì kọ. Nígbà tí òun àti Parzival pàdé tí wọn ò mọra, wọ́n jà títí idà Parzival fi ṣẹ́, Feirefiz wá ju idà tiẹ̀ nù torí ó ní òun ò lè bá ẹni tí ò ní idà jà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n.

Ìkejì ni Moriaen, ìtàn èdè Dutch àtijọ́ láti àwọn ọdún 1200 sí 1300. Ọmọ Aglovale arákùnrin Perceval ni, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó gun ẹṣin wá sí ilẹ̀ Arthur láti wá bàbá tó sá lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi rí i wọ́n sá, wọ́n ní èṣù ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí akéwì fúnra rẹ̀ sọ: ó dúdú lóòótọ́, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Ẹ̀dà kan wà ní The Hague, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Jessie Weston ṣe ní 1901 sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú mi máa ń ru gan-an nígbà tí mo bá ń kà á, ó sì dùn mí pé àwọn èèyàn máa ń ka Arthur fún ọdún gbọọrọ láì gbọ́ orúkọ ọmọkùnrin yìí.

Ìgbésẹ̀ 8: ẹ fi etí kà

Sir Gawain àti Náìtì Aláwọ̀ Ewé, wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1300, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, iná 1731 tó jó ilé tí ìwé náà wà ní London ò rí i jó. Ẹ má fi ojú nìkan kà á. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ìró ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá, s á lé s, g á lé g, akéwì ń fi mú ọ̀rọ̀ jó. Ẹ ṣí ẹ̀dà tó ní àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ka ìlà 20 sókè kẹ́ ẹ tó wo ìtumọ̀. Etí tó ti gbọ́ ìjálá rí kì í pẹ́ gbá a mú.

Ìgbésẹ̀ 9: ibi tẹ́ ẹ ti máa rí ìwé

Project Gutenberg, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìwé ọ̀fẹ́, ní ìtumọ̀ Chrétien tí W. W. Comfort ṣe ní 1914, ìtàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Perceval ò sí nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ máa wá a. Malory náà wà níbẹ̀, ẹ dáńlóòdù èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kì í jẹ dátà. Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀pọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó le, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí bí ìwé àfọwọ́kọ ṣe rí, ẹ wá nọ́ńbà fr. 794 lórí Gallica ti láíbìrì ìjọba Faransé, àwọn ìtàn Chrétien ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé oríṣi méjì ni ìwé Malory tó wà. Caxton, òǹtẹ̀wé kan ní England, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1485, ó gé e sí ìwé 21, òun nìkan la sì ní títí di 1934 tí wọ́n rí ẹ̀dà àfọwọ́kọ kan nínú ilé ẹ̀kọ́ kan ní Winchester, àwọn ibì kan nínú ẹ̀ yàtọ̀ púpọ̀. Èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ti Caxton ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣáájú, wọ́n máa sọ ọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún èèyàn nìyí, ẹ lè ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Arthur ti fẹ́ kú, ó rán ẹnì kan pé kó lọ ju idà òun sínú omi. Nínú Malory, náìtì rẹ̀ Bedivere ló rán, ó gbé idà pa mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà wá ní omi àti ìjì nìkan lòun rí, ìgbà kẹta ló tó jù ú tí ọwọ́ kan jáde látinú omi gbà á. Ẹ wá lọ ka ìwé Faransé tí wọ́n ń pè ní Mort Artu, èyí tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 1230. Náìtì míì, Girflet, ló rán níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ó ju idà ara ẹ̀, ìgbà kejì ó ju àkọ̀ idà, ìgbà kẹta ló ju idà ọba. Ẹ ṣí nóòtù yín, ẹ fa ìlà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì síbẹ̀.